Òkúta Tó Já sí Kuje

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Waheed ti ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ri góòlù mọ́ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, bó ṣe ń fọ ẹnu lẹ́yìn ilé ní Kuje, l’Àmúwo, ni iná kan la ojú ọ̀run kọjá. Nǹkan dún gbì. Òkúta dúdú kan já sórí iyanrìn ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì dá ihò síbẹ̀. Òkúta ọ̀hún ò ju ẹyin adìyẹ lọ, ihò rẹ̀ ò sì ju ẹnu abọ́ gààrí lọ.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Waheed bíríkìlà tó máa ń sọ pé ẹ̀fọn ilé òun tóbi débi pé ó ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé, ọ̀run wá fi nǹkan ránṣẹ́ sí i tán, ó wá jẹ́ ẹyin!

Ó ti kọ́kọ́ sáré pe Azeezat ìyàwó rẹ̀. Azeezat wo ihò náà, ó ní, “Mo gbọ́,” ó sì padà wọlé. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí èsì míì tó ń fún ọkọ rẹ̀. Waheed ló fà á. Ó pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé ògiri wó lu òun níbi iṣẹ́ ní Raji Rasaki, ẹsẹ̀ òun kan ti lọ. Azeezat sáré débẹ̀ láìwọ bàtà, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì, tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí Waheed bá ní òjò ń rọ̀, Azeezat yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Waheed fẹ́ kó tún gba òun gbọ́. Ìdí tó fi gbé ṣọ́bìrì nìyẹn.

Nígbà tó fi di aago mẹ́sàn-án, màlúù lè dùbúlẹ̀ sínú kòtò náà kó tún yí ẹ̀gbẹ́ padà. Èrò pé. Wọ́n ní ẹdùn àrá ni; Àǹtí Bukky tó ń ta káàdì fóònù bi wọ́n pé àrá wo ló sán láìsí òjò. Waheed ò lè dúró sójú kan. Ó ń ti ibi kòtò dé ojú fèrèsé Azeezat, ó ń ti ojú fèrèsé dé ibi kòtò. Nígbà tó máa ròyìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, òkúta náà ti lé e yí ilé ká, ó tún pe orúkọ rẹ̀.

Ẹnì kan ti pe Bàbá Ọláníran ní Festac, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún yẹ òkúta wò fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá dé, ó fi irin òòfà kan òkúta náà, irin náà lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

“Òótọ́ ni,” ó ní. “Ojú ọ̀run ló ti wá.”

Waheed fò sókè. Azeezat jáde sẹ́nu ọ̀nà.

Àmọ́ Bàbá ti kúnlẹ̀ létí kòtò. Ó fọwọ́ pa ògiri rẹ̀, ó gún régé. Ó wo igun rẹ̀, mẹ́rin ni.

“Waheed, ìràwọ̀ wo ló mọ okùn ta bíi bíríkìlà?”

Èrò rẹ́rìn-ín débi pé adìyẹ Àmúwo sá wọlé. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

“Òkúta lè sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Ihò rẹ̀ ló lè sọ ibi tó gbà wá àti bó ṣe sáré tó. Ta ló gbẹ́ ẹ?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Waheed yàtọ̀: òtítọ́ jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀, irọ́ ló lọ bá a. Ẹnu Waheed kún fún irọ́ òkété kan tó tóbi ju ewúrẹ́ lọ, òkété tó lè gbẹ́ kòtò. Ó wo Azeezat. Ó gbé òkété náà mì.

“Èmi ni, Bàbá. Ó kéré ni. Mo rò pé wọn ò ní gbà.”

Bàbá mí kanlẹ̀, ó yọ ìwé kékeré kan jáde, ó ní kó fọwọ́ júwe bí ihò náà ṣe tó tẹ́lẹ̀. Waheed na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n fẹ̀ fúnra wọn, bí ìṣe wọn. Ó fà wọ́n súnmọ́ra, ó tún fà wọ́n. Kò dá a lójú mọ́.

Azeezat rìn wá. Ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó tì í súnmọ́ ọ̀tún díẹ̀ sí i.

“Ibí ni, Bàbá,” ó ní. “Mo rí i.”

Bàbá na téèpù. Waheed dúró gbagidi, kò mí, kí ọwọ́ òun má baà fẹ̀.