Ẹ̀rọ Tó Mọ Orúkọ Gbogbo Wọn

3.

…nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó ti kú ni àbí ó kàn ń sùn.

(Mo ti fa ìkíní àti ìkejì ya. Ẹ̀rù ni mo fi kọ wọ́n. Ara mi ti balẹ̀ díẹ̀ báyìí.)

4.

Sọ́fítíwíà tá a fi ń tọ́jú fótò ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mò ń sọ. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Àwọn fọtógíráfà ẹlẹgbẹ́ wa ti ń kó ẹrù wọn jáde nínú ẹ̀. Bàbá ti sọ ọ́ ní Kò-kú-kò-yè.

5.

ÍMÉÈLÌ MI: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ pa á tì ni?

ÈSÌ: A kì í sọ̀rọ̀ lórí ohun tá ò tíì gbé jáde. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ oníbàárà wa.

(Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.)

6.

Bàbá kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Á jókòó tì mí, á máa wo fótò, á máa sọ̀rọ̀. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.

fótò 0212: Télọ̀ àdúgbò. Kò rẹ́rìn-ín rí, àfi ọjọ́ yìí.
fótò 3087: Àwọn ìbejì. Èyí tó ń sunkún ló di lọ́yà.
fótò 5540: Ọmọ mi. Bàtà òsì ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní òun ò ní bọ́ ọ.

7.

Mo dán an wò. Mo kó fótò mẹ́wàá lọ sínú sọ́fítíwíà mìíràn.

Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dé láyọ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ò bá wọn dé. Kò sí ẹyọ kan tó dé.

8.

Mo wá ń fọwọ́ dà á kọ sínú ìwé. Ọkọ mi ní, "Ṣé o ò kúkú lè bi Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i ni?"

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan.

9.

(Ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sán. Mo gbé fótò 5540 lé e lọ́wọ́.)

BÀBÁ: Ọmọ yìí mà lágídí o. Wo ẹsẹ̀ ẹ̀.
ÈMI: Ọmọ ta ni, Bàbá?
BÀBÁ: (Ó gbé fótò náà sún mọ́ ojú.)
ÈMI: Èmi ni.
BÀBÁ: Ṣé mi ò mọ̀ ni? Mò ń dán ẹ wò ni.

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.

10.

ÌKÉDE LÓRÍ Ẹ̀RỌ, ÀÁRỌ̀ YÌÍ

Ẹ̀yà tuntun sọ́fítíwíà yìí ti dé. Ó lè yí àwọn àkọsílẹ̀ yín padà.

[ GBÀ Á ]          [ Ó DỌ̀LA ]

BÀBÁ: Kò-kú-kò-yè ti jí nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́.
ÈMI: Tó bá gbàgbé wọn ńkọ́?
BÀBÁ: A ó tún sọ fún un.
ÈMI: Èyí tẹ́ ò bá rántí ńkọ́?
BÀBÁ: Màá pa irọ́ tó dáa síbẹ̀. Télọ̀ yẹn á máa rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́.

11.

Mo tẹ Ó DỌ̀LA.

12.

Ìwé kẹta ti fẹ́ẹ̀ kún. Bàbá fa àga ẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní kí n má wo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹnu òun fúnra òun ni kí n ti gbọ́ ọ.

fótò 5541: "Dúró ná. Mo mọ ẹni yìí."