Bí Sköld Ṣe Di Ìdílé Méjì

Ibà tí Håkan Sköld gbé bọ̀ láti ojú ogun ní ilẹ̀ Finland ló pa á. Oṣù kan kò tí ì pé tí Torkel, ọmọ olùṣọ́ ẹlẹ́dẹ̀, fi gbé ẹ̀wù ogun rẹ̀ wọ̀. Gunilla, opó Håkan, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí apá ẹ̀wù náà ṣe bò ó lọ́wọ́ dé èékánná. Irú kí ni àwọn àgbẹ̀ yìí lọ ṣà wá? Ẹni tí àgbò lé gun orí igi níṣojú gbogbo ìjọ!

Àwọn àgbẹ̀ abúlé ló ń pawọ́ pọ̀ pèsè ọmọ ogun kan fún ọba. Àwọn ló ni ilé tó ń gbé, àwọn ló ni ẹ̀wù, wọ́n sì gbà pé àwọn náà ló ni orúkọ. Ọmọ ogun tí wọ́n bá fi sínú ilé yẹn, Sköld ni ọ̀gágun yóò máa pè é. Bó bá kú, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ló di Sköld.

Jöns, olórí àwọn àgbẹ̀, jókòó sórí àga Håkan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Ìyá Eskil, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Fẹ́ Torkel, kó o máa gbé inú ilé yìí lọ. Bí o ò bá fẹ́ ẹ, kó ẹrù rẹ kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún Míkáẹ́lì Mímọ́ nígbà ìkórè. Ilé, ẹ̀wù, orúkọ, fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un."

"Èyí?" Gunilla fi àgbọ̀n júwe Torkel. "Bàbá Jöns, ṣé ẹ rò pé ebi ti pa mí tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Èmi ni Sköld báyìí o," ni Torkel wí. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún mi."

"Jẹ́ kí imú rẹ kọ́kọ́ gbẹ ná."

Jöns rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Ẹnu nìkan ló kù fún ọ. Ta ni yóò gbà ọ́ sílé pẹ̀lú ẹnu yìí?"

Kò sẹ́ni tó gbà á. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ òkè lẹ́yìn pápá, ó fi koríko ṣe òrùlé rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun àti Eskil ọmọ rẹ̀ ti lo ìgbà òtútù, tí omi ń jò lé wọn lórí, tí wọ́n ń pín ẹja oníyọ̀ kan ṣoṣo jẹ. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ a máa dúró lójú ọ̀nà: "Ẹ wá wo aya ọmọ ogun nínú ihò bí òkété!"

Nígbà tí yìnyín yọ́, àlùfáà pe àwọn ọmọ jáde láti ka ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ níwájú ìjọ. Ọmọ tí kò bá kà á, kò ní gba oúnjẹ Olúwa, kò sì sẹ́ni tí yóò gbà á síṣẹ́.

"Eskil ọmọ Håkan!"

Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọmọ mẹ̀kúnnù nìyẹn, láìsí orúkọ ìdílé. Eskil kò dìde. Àlùfáà tún pè é. Kò mira.

"Ìyá Eskil, ṣé etí ọmọ yìí di ni?"

"Kò di, Àlùfáà. Ẹ ò tí ì pè é ni. Sköld lorúkọ bàbá rẹ̀."

Jöns fò dìde. "Mo sọ ọ́! Orúkọ wa ló fẹ́ jí!"

"Orúkọ yín?" Gunilla wò ó láti orí dé bàtà. "Nígbà tí ìbọn ń dún, èwo nínú yín ni wọ́n fi í pè?"

Jöns padà jókòó. Àlùfáà, tí oúnjẹ ọ̀sán ń dúró dè nílé, mí kanlẹ̀.

"Eskil Sköld."

Ọmọ náà dìde, ó sì kà á láìkọsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Sköld ti di méjì níbẹ̀, Sköld inú ilé àti Sköld inú ihò, wọn kì í sì í kí ara wọn. Títí Gunilla fi kú, kò pe Torkel ní Sköld rí. "Ìwọ ẹni yìí" ló ń pè é, kódà lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà, tó ti di arúgbó, ru igi ìdáná wá fún un nínú yìnyín. Ó gba igi náà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.