Páìpù tó ń mú Gbólóhùn Ìkẹyìn Nìkan

Ẹ sún wá, ẹ fara mọ́ra dáadáa. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kó gbé àga rẹ̀ bọ̀ níwájú. Orin wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó bá mi gbè é. Ẹkún náà wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn kò nílò elégbè.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá, torí pé kò sí ohun tó kórìíra bíi kí wọ́n ní kó dúró díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ àṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń kán oògùn sínú iṣan aláìsàn ní ọsibítù: iye tí ẹ̀rọ á kán, ìgbà tó máa kán an, àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Inú fáìlì ni wọ́n ń kọ àṣẹ yìí sí, fáìlì gígùn bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kí fáìlì tó kúrò lọ́fíìsì, Màmá Onígíláàsì, àgbà òǹkàwé wọn, á jókòó tì í, á kà á látòkè délẹ̀, ìka rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ètè rẹ̀ ń mì. Ọjọ́ méjì gbáko ló ń gbà á.

Ọjọ́ méjì yìí ló ń bí Kíámọ́sá nínú. Ló bá ṣe páìpù. Kì í ṣe páìpù irin o, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Bí òṣìṣẹ́ bá ti gbé fáìlì kalẹ̀, páìpù á da ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́dọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá kan, ẹ̀rọ tó ń kàwé tó sì ń fèsì bí èèyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n sọ ọ́ lọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ èsì, á wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: "Kò sí àbùkù," tàbí "Àbùkù wà." Bí páìpù bá ti rí "Kò sí àbùkù," ó di ọsibítù nìyẹn, ọwọ́ èèyàn kò kàn án. Agogo á dún nínú fóònù Kíámọ́sá, gbogbo ọ́fíìsì á sì mú un lórin:

Fáìlì wọlé o!
Páìpù, gbé e lọ.
Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á o!
Páìpù, gbé e lọ.
Kò sí àbùkù o!
Páìpù, gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n fáìlì gígùn ń há páìpù lọ́fun. Kíámọ́sá ní kó máa mú ẹgbẹ̀rún ìlà àkọ́kọ́, ìyẹn ti tó. Èsì Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gùn jù lójú rẹ̀. Ó ní kí páìpù máa wo gbólóhùn ìkẹyìn nìkan, kó sọ ìyókù sí kọ̀rọ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Màmá Onígíláàsì bi í pé ta ló wá ń ka ìdí fáìlì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Màmá jẹ́ kí ojú wọn sinmi. Wọ́n bá ní kí Màmá lọ máa to ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n Kíámọ́sá, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́dìnẹ́sìdeè, ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń kán oògùn ìrora sí i lára, ó bá ń fi nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ má wulẹ̀ dúró tì mí. Àbúrò mi ló ń ṣọ́ mi nínú ẹ̀rọ yìí."

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni fáìlì tuntun wọ páìpù. Ìlà rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó. Nísàlẹ̀ pátápátá, òṣìṣẹ́ kan ti yọ àṣẹ tó ń dá ẹ̀rọ dúró, ó fẹ́ fi dán nǹkan wò, ó sì gbàgbé láti dá a padà. Páìpù bu ẹgbẹ̀rún, ó fi ìyókù sílẹ̀. Agogo dún. Kíámọ́sá fúnra rẹ̀ ló lé orin, ó tún ju èjìká sí i.

Lọ́sàn-án, oògùn ń kán, kò dúró. Nọ́ọ̀sì rò pé oorun ló gbé aláìsàn lọ. Ìgbà tó fi máa padà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, èémí ti tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbé oúnjẹ wá sílé òkú, ìkòkò lórí ìkòkò. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún ẹbí pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ka fáìlì ní àkàṣì, pé àwọn ti fa fáìlì náà yọ, àwọn sì ti lé Ọ̀jọ̀gbọ́n, òmíràn tó gbọ́n jù ú lọ ti wà nídìí páìpù. Àwọn àgbà mi orí. Wọ́n ní kí lèèyàn fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n bá dojú kọ oúnjẹ.

Màmá Onígíláàsì ò jẹun. Ó ti lọ tú kọ̀rọ̀ yẹn wò. Ó ki ìwé kan tó ká bọ Kíámọ́sá lọ́wọ́ nínú yàrá. Èsì Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ọjọ́ Wẹ́dìnẹ́sìdeè ni, lódindi. Kíámọ́sá tú u, ó kà á.

Ọmọbìnrin olóògbé gbé abọ́ oúnjẹ wọlé fún un. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó rọra bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yẹn ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan fún yín ni?"

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí Kíámọ́sá díẹ̀díẹ̀: má sọ̀rọ̀. Kò sì sí ẹni nínú ẹbí tí ì bá mọ̀. Ibẹ̀ ni agogo ti dún nínú àpò Kíámọ́sá. Fáìlì mìíràn ti tún dé ọsibítù, ó ti lọ sára àwọn tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó yọ fóònù. Ó kọ́kọ́ fa fáìlì náà padà, ó sì dá páìpù dúró. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè. "Ó sọ fún mi. Èmi ni mo gé e lẹ́nu."

Ọ̀gá ní ilé òkú kọ́ ni wọ́n ti ń sọ irú èyí. Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ wò ó.

"Ẹ ka ìwé ọwọ́ yín yẹn fún mi," ló wí, "látòkè délẹ̀."

Kíámọ́sá fi ìka sórí ìwé. "Ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi gé ní ìlà ẹgbẹ̀rún. N kò rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ kí ẹ tó lò ó. Nínú èyí tí mo rí: Kò sí àbùkù."

Ó kà á tán. Ọmọbìnrin náà nawọ́, ó gbé abọ́ oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àlejò tó wà níta ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n fọwọ́, wọ́n yin ẹni tó se oúnjẹ. Oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Páìpù nìkan ni kò gbé nǹkan kan lọ.