Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Inú mi máa ń tètè bí. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi, ìyá mi ti sọ ọ́ títí ó ti sú u. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró sí àgbàlá ilé wa, tó fi ẹsẹ̀ ta táyà ọkọ̀ bàbá wa, tó ní, "Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn tó ń ra irin àlòkù máa wá gé e," ẹ sọ fún mi, ta ni inú ẹ̀ ò ní bí?

Aláṣẹ là ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí lẹ́yìn ẹ̀, torí kì í bèèrè nǹkan, ṣe ló máa ń pàṣẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló tún òrùlé ilé ṣe, òun ló ń ra oògùn bàbá. Àmọ́ tó bá ti fojú wo nǹkan pé kò wúlò mọ́, ó parí nìyẹn.

Dẹ́rẹ́bà ni bàbá wa. Ọ̀gá kan ló wa ọkọ̀ fún títí irun fi funfun lórí ẹ̀, ìgbà tí ọ̀gá náà sì ra tuntun, ó fi ti àtijọ́ ta bàbá lọ́rẹ. Ọkọ̀ gígùn ni, aláwọ̀ búlúù, imú ẹ̀ yọ síwájú. Inú ẹ̀ ni bàbá ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ó ṣiṣẹ́ fún wa dáadáa, àfi lọ́jọ́ kan tó kọ̀ tí kò gbà mọ́. Mẹkáníìkì wá, mẹkáníìkì lọ, gbogbo wọn ló ní ó ti kú. Láti ìgbà náà ló ti wà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bàbá náà sì gbé àga síwájú ẹ̀, ó jókòó. Tá a bá ní kó dìde ká jáde díẹ̀, á ní, "Kí ni n ó fi jáde?" Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gé ọkọ̀ yẹn lójú ẹ̀, kò ní pẹ́ tí òun náà á fi tẹ̀ lé e.

Mo bá là á mọ́lẹ̀. "Bọ̀dá, tí ọkọ̀ yìí bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn dé ẹnu géètì kí wọ́n tó gé e ńkọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ aránṣọ? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ni?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

"Tó bá rìn, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́. Bàbá ló ni ín títí ayé. Mo ti sọ ọ́."

Bàbá wà lórí àga ẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ẹ gbọ́, ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ rí, tó tò ó padà tí ìkan ò ṣẹ́kù sílẹ̀, irin ò lè fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á. Mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ nínú àgbàlá. Nǹkan tí mo bá ti tú, màá gbé e sórí aṣọ, màá fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká bí ìgbà tí mò ń gé aṣọ, kí n lè mọ ibi tó ti wá. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń wo fídíò àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe nílé ara wọn, mò ń dá a dúró, mò ń dá a padà. Mo lé adìyẹ kúrò lórí síítì ẹ̀yìn, ó fẹ́ẹ̀ sọ mí lójú. Epo inú táǹkì ti di ọ̀rá, mo dà á nù, mo da tuntun sí i. Mo fọ kábúrẹ́tọ̀ bí ẹni ń fọ eyín ọmọ. Bíréèkì ti gan pa, mo fi òòlù bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbọ́. Mo fi sáńpépà ha ìpẹtà títí èékánná mi fi pupa, mo ra bátìrì àti táyà, mo fi ọ̀dà búlúù kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi ló ń bá mi mú tọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ló wí nígbà tí ọ̀dà gbẹ. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹwà ló máa wà á ni?"

Ti bàbá ló ń dùn mí jù. Tí mo bá bi í pé, "Bàbá, ibo ni wáyà yìí ń lọ?", á ní, "Mi ò mọ̀." Ọkọ̀ tó ti wà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé! Mo rò pé ó ti sọ ìrètí nù ni.

Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ pé, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, yín-ìn, yín-ìn, yín-ìn, kò gbà. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo gbé e lé irin, ìyá mi yí kọ́kọ́rọ́, kò tan iná kankan. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì, kò gbọ́. Mo pe rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó tú wáyà títí, ó mi orí. Ó ní iná ń sọnù síbì kan tí òun ò rí. Bó ṣe ń lọ báyìí ni Aláṣẹ pè mí lórí fóònù: "Wọ́n ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la o."

Mo sunkún. Kí ni mo fẹ́ pa mọ́? Mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àgídí tún gbé mi dìde. Síítì ló kù tí mi ò tíì rán. Mo ní tí wọ́n bá máa gé e, wọn ò ní gé e pẹ̀lú àkísà lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán síítì dẹ́rẹ́bà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán gbogbo ẹ̀, ó lọ geere, àfi ibi kan lábẹ́, níbi tí orúnkún máa ń wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán ibẹ̀, òwú dúdú oníméjì, ó rí wúruwùru. Mo mọ ọwọ́ yẹn! Ọwọ́ bàbá tó máa ń rán ṣòkòtò ara ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n bá òun rán an ni. Mo já òwú náà, mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo kan suwíìṣì kékeré kan.

Àwọn dẹ́rẹ́bà àtijọ́ mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Wọ́n á rì í mọ́ ibi tí olè ò lè rí, tí wọ́n bá pa á, ọkọ̀ ò ní gbà láéláé. Wọn kì í sọ fún ìyàwó, wọn kì í sọ fún mẹkáníìkì.

Mo lọ bá bàbá níbi àga ẹ̀. "Bàbá, kí lẹ rán mọ́ síítì?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ mú ẹni tó fẹ́ rà á wá nígbà yẹn. Mo pa á kó má bàa gbà lójú wọn."

"Ẹ pa á! Ẹ ń wò mí, mò ń ha irin, ẹ ò sọ̀rọ̀!"

"Tó bá jí, wọ́n á tà á. Tó bá kú, ó ṣì wà níwájú mi. Nígbà tó yá, ojú ń tì mí. Mẹkáníìkì mélòó ni mo ti wò níran? Báwo làgbà á ṣe wá ya ẹnu sọ ọ́?"

Ìbínú tó ti dé ẹnu mi, mi ò mọ ibi tó gbà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. "Bọ̀dá ti sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Tó bá yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni o! Ẹ ṣáà dìde."

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ akẹ́rù fi dé. Aláṣẹ sọ̀ kalẹ̀, àwọn agérin tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohun èlò wọn. Bàbá dìde. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sí ìdí síítì, ó ki ọwọ́ bọ ibi tí mo tú, a gbọ́ ọ, "kẹ́!"

"Bàbá, kí nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Suwíìṣì ni. Èmi ni mo pa á nígbà tó o fẹ́ tà á. Kò kú rí."

"Ẹ bá ti sọ fún mi, bàbá!"

"Ṣé o máa ń gbọ́ ni?"

Mo wọ iwájú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Yín-ìn, yín-ìn. Ó kọ̀, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Mo tún yí i.

"Má dúró!" ni ìyá mi pariwo. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba!"

Ó sì pè é! Ẹ́ńjìnnì gbà, gbàà! Èéfín bo gbogbo wa, páànù ń gbọ̀n lórí. Mo pariwo, ìyá mi pariwo, àwọn agérin tó wá pa á gan-an ń pàtẹ́wọ́. Aláṣẹ dúró síbẹ̀, ó la ẹnu, kò rí nǹkan pa láṣẹ. Ó bá yíjú padà, ó ní kí ọkọ̀ akẹ́rù sún sẹ́yìn, ó sì lọ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣí géètì, apá méjèèjì.

Mo bọ́ sílẹ̀ kí bàbá lè wọlé sí síítì ẹ̀. Ó mi orí. Ó rọra rìn yí ọkọ̀ ká, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ibi tí kò jókòó sí rí láyé ẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ ń lọ?" ni Aláṣẹ bèèrè láti ibi géètì.

"Ṣé ọ̀gá máa ń sọ ibi tó ń lọ fún ẹni tó ń ṣí géètì ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà," ni bàbá mi wí fún mi, "kí la ṣì ń dúró dè?"

Mo padà sí síítì dẹ́rẹ́bà, mo tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, mo ki í sí jíà, a sì jáde.