Àlọ́ Tó Ti Wọ Ìwé

Ìwé tí mo kà ló sọ mí di òmùgọ̀. Ìyá mi, Aníwúrà, ló pa àlọ́ kan fún akọ̀wé tó wá sí Òde-Ayé, ìlú wa, akọ̀wé sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Lọ́dún 1966, ẹgbẹ́ apàlọ́ wa ń múra àpèjọ ní Okitipupa.

Ìyá ní, “Pa àlọ́ tèmi níbẹ̀, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí n tó kú.”

Èmi tíṣà fàáké kọ́rí: “Ìyá, ó ti wọ ìwé. Ẹ jẹ́ ká gbàṣẹ ná.”

Mo kọ lẹ́tà sáwọn tó tẹ̀wé náà. Àpèjọ kọjá, ìyá kú. Ọjọ́ ìsìnkú gan-an ni èsì dé:

“Àwa kọ́ la ni àlọ́ náà. Ẹ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ Ìyá Aníwúrà, Òde-Ayé.”