DATE Méjì ní Ìlúpéjú

Lọ́dún 1977, Hilda Oyèníran ti lo oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kan tí ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì ní Ìlúpéjú. Ọmọ tíṣà ni, láti Yaba. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta lọ, káàdì oníhò ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, ní kó yọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde. Wọ́n fẹ́ yẹ́ wọn sí ní Fúráìdé, àwọn àti ọkọ tàbí ìyàwó wọn. Fáìlì méjì ni Hilda ní láti pa pọ̀, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìdílé. Ó kó káàdì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Dípò orúkọ èèyàn, ìlà kan péré ló jáde lórí bébà, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé DATE kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

“Ó yé mi,” ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá wí. “Àwọn kan ló ní déètì kan náà. Lọ wá wọn.”

Odindi ọjọ́ méjì ni Hilda fi ń yẹ káàdì wò. Ogójì èèyàn ló wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ṣílé iṣẹ́ náà! Ọ̀rọ̀ sú u. Ó bá gba ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìmíátù lọ, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin láti Mushin, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń luhò sí káàdì. Òun náà wà lára ogójì ọ̀hún.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé déètì yín tó wà níbí tọ̀nà?”

“Déètì wo? Ti ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni, àbí ti ọjọ́ tí mo wọṣẹ́?”

Hilda fọwọ́ gbá iwájú orí ara rẹ̀.

“Kí ló dé? Ṣé mo sọ̀rọ̀ burúkú ni?”

“Rárá o, Àǹtí. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ti ń bi mí láti Mọ́ńdé nìyẹn!”

Nínú fáìlì iṣẹ́, DATE ni wọ́n pe ọjọ́ tí èèyàn wọṣẹ́. Nínú fáìlì ìdílé, DATE náà ni wọ́n pe ọjọ́ ìbí. Hilda kàn kọ DATE, kò sọ fáìlì tó ń wí. Káàdì òṣìṣẹ́ kankan ò ní àṣìṣe.

Káàdì mẹ́ta péré nínú ti Hilda ni Àǹtí Sìmíátù bá a tún lù, kí DATE kọ̀ọ̀kan lè sọ fáìlì tirẹ̀. Lọ́sàn-án Tọ́sìdé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ìwé ń jáde. Orúkọ mẹ́tàlélógójì.

“Ọjọ́ méjì tí mo mú kó o fi ṣòfò yẹn, má bínú,” ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá wí, ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Àǹtí Sìmíátù ti gbé ìka lé orúkọ tirẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí Hilda jọ̀ọ́ bá òun tẹ ẹ̀dà kan sí i, nítorí ọkọ òun ò ní gbà gbọ́ àfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí i.

Hilda tẹ méjì fún un.