Ohùn Tí Télọ̀ Gbọ́ Nílé Aṣòfin

Kò sẹ́ni tó lè gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ yìí lásìkò ìbò kó má ṣèlérí. Á ká aṣọ náà sórí itan, á gbọ́wọ́ lé e, á ní, "Ta lẹ máa dìbò fún?" Àfi kí oníbàárà pe orúkọ àbúrò télọ̀ kó tó rí aṣọ gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àbúrò náà jáde, ó fìdí rẹmi. Ìgbà kejì, tipátipá ló fi wọlé. Ìgbà kẹta, wẹ́rẹ́ báyìí ni. Gbogbo èèyàn wá ń pè é ní Aṣòfin, títí kan ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Láti kékeré tí ìyá wọn ti kú, ẹ̀yìn télọ̀ ló gbé, ta ló wá fẹ́ bá a wí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ jù?

Ìbò ẹ̀ẹ̀kẹrin ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìròyìn burúkú dé. Àbádòfin kan wà nílé aṣòfin, wọ́n fẹ́ wó gbogbo ilé tó wà ládùúgbò télọ̀ kí ọ̀nà ńlá lè gbabẹ̀ kọjá. Àwọn aládùúgbò rọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Aṣòfin fúnra rẹ̀ wá bá wọn.

"Ẹ lọ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Èmi ni màá kọ́kọ́ takò ó. Ṣé ilé bàbá mi ni màá jẹ́ kí wọ́n wó?"

Kafíńtà tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti télọ̀ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kúkú pààrọ̀ òrùlé òun tó ń jò. Télọ̀ ní kó pààrọ̀ ẹ̀ jàre, ojú kì í ti ẹni tó léèyàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ka àbádòfin náà kẹ́yìn, télọ̀ lóun á lọ fojú ara òun rí i. Kò sọ fún Aṣòfin. Ó gun òkè lọ síbi tí àwọn àlejò ń jókòó, ó sì rí àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀, tó doríkodò sórí fóònù, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nílé yẹn, wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó gbà àtẹni tó kọ̀. Ariwo ni wọ́n fi ń dìbò. Abẹnugan, ìyẹn olórí ilé, á béèrè, àwọn tó gbà á ké "Bẹ́ẹ̀ ni," àwọn tí ò gbà á ní "Rárá," èyí tó bá ròkè jù ló borí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, tí Aṣòfin wà lára wọn, wá sọ ọ́ dàṣà: bí Abẹnugan bá ti gbé òòlù báyìí, wọ́n á ké "Bẹ́ẹ̀ ni," wọn ò ní í dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ bi wọ́n. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu bí àmín.

Akọ̀wé ka àbádòfin wúyẹ́wúyẹ́. Télọ̀ gbọ́ orúkọ àdúgbò rẹ̀. Ó ń retí kí àbúrò rẹ̀ dìde. Òòlù gbéra.

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ohùn àbúrò rẹ̀ ló ròkè jù! Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. Òòlù balẹ̀, ó tán.

"Yéè! Mo gbé!" Télọ̀ ò mọ ìgbà tó dìde dúró. Ẹ̀ṣọ́ sáré wá.

"Ìyá, àlejò kì í sọ̀rọ̀ níbí."

"Àlejò kẹ̀? Ilé mi ni wọ́n ń wó yìí!"

Wọ́n fà á jáde. Aṣòfin gbọ́ igbe tó mọ̀, ó sáré tẹ̀ lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń wá níbí?"

"Kí lo pariwo bẹ́ẹ̀ ni sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbádòfin tàwọn awakọ̀ nìyẹn. Tiwa ṣì ń bọ̀."

Télọ̀ tún ohun tí akọ̀wé kà sọ fún un, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bi ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ ní wọ́n ti yí ètò padà láàárọ̀, gbogbo ilé ló gbọ́. Aṣòfin fara ti ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe télọ̀. Ó rò pé àbúrò òun máa sunkún ni. Àfi bó ṣe wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó fà á lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan o. Ẹ bá mi sọ fún wọn nílé pé mo kígbe rárá, pé wọ́n pọ̀ jù mí lọ ni. Ìbò ti dé tán. Wọ́n á gbà yín gbọ́."

Háà! Èyí ló wá dá ẹsẹ̀ télọ̀ dúró. Ti àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Èyí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kó tó lanu, àbúrò rẹ̀ ti padà wọlé.

Kó tó délé, ó ti pinnu pé òun á purọ́ náà. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Gbogbo aládùúgbò ti pé sí ṣọ́ọ̀bù. Kafíńtà wà lókè ilé rẹ̀, ó ń kan páànù tuntun.

"Kí ni Aṣòfin wa sọ?" ni wọ́n ń béèrè.

"Ó..." Télọ̀ gbójú sókè wo kafíńtà.

Kafíńtà rẹ́rìn-ín látòkè. "Kí lẹ tún ń bi wọ́n sí? Ọmọ tí wọ́n tọ́, ṣé ó lè já wa kulẹ̀ ni? Ẹ na ìṣó yẹn sí mi."

Omijé bọ́ lójú télọ̀.

"Ẹ má kàn án mọ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn án mọ́. Òun náà ló ní kí wọ́n wó o. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ó tún ní kí n wá parọ́ fún yín, díẹ̀ ló kù kí n pa á." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ẹ má dìbò fún un."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá tiẹ̀ sàn kí wọ́n bú u. Kafíńtà sọ̀kalẹ̀, ó wá jókòó tì í.